Èsì ìdánwò jáde, ọmọ ti tilẹ̀kùn mọ́rí

Ìyá Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ mi ọkùnrin ti tilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, òun ni àbígbẹ̀yìn mi. Èsì WAEC rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló ṣe: C nínú mẹ́fà, B3 nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, àmọ́ D7 ni ìṣirò, E8 ni Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ wo fóònù náà, ó dá a padà fún un, ó ní, "O ṣeun." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá kúkú nà án. "O ṣeun" yẹn ló wọ ọmọ náà lára.

Mo gbé àmàlà sẹ́nu ilẹ̀kùn, bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ náà ni mo ṣe gbé e kúrò. Láti JSS2 ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní "lọ́yà". Èmi gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwàásù kọ́ ni mo wá. Ẹni tó bá ti fìdí rẹmi rí, kó wá sọ bó ṣe rí fún un. Mo fẹ́ máa kà á fún un láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ kà á sókè dáadáa kó lè gbọ́.

Ọdún 1994 ni mo ṣe tèmi. Kò sí fóònù, kò sí káàdì tí èèyàn ń fi owó ha. Ilé ìwé ni èsì ń wá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, gbogbo wa á sì rọ́ bò ó bí ẹni ń wo eégún. Mo wá orúkọ mi kàn: F9 mẹ́rin, P8 méjì, P7 méjì (P ni wọ́n ń kọ nígbà náà, kò tí ì di D àti E). C6 kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, Yorùbá ni.

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Bódìjà. Mo délé, ó bi mí, mo ní wọ́n dá èsì ilé ìwé wa dúró. Irọ́ tó rọrùn ni, torí èsì tí wọ́n ń dá dúró kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni. Ibi tí mo máa tọ́jú ìwé pélébé tí wọ́n fún mi sí ló wá di wàhálà. Yàrá kan làwa márùn-ún ń gbé. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ ìyá mi, mo tì í sínú àpò èlùbọ́ kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo rò pé ó di ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹnikẹ́ni tó kàn án.

Oṣù méjì àbọ̀ gbáko ni mo fi ń múra jáde láràárọ̀ pé mo ń lọ wádìí èsì. Gáréèjì Ìwó Road ni mo ń lọ jókòó sí. Mo mọ àsìkò tí mọ́tò Ifẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń kún, mo mọ àgbèrò tó ń jí lára owó àti èyí tí kì í jí. Bí mo bá délé lálẹ́, ìròyìn tèmi ti pé lẹ́nu: lónìí, fáìlì wa ti lọ sí Yábà, lọ́la, ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú ń ṣàìsàn. Mo tilẹ̀ pa ọ̀gá náà lọ́jọ́ kan. Lọ́sẹ̀ kejì mo gbàgbé, mo tún jí i dìde.

Ọjọ́ tó máa tú, èmi ni mo ru àpò lórí. Ìyá olóúnjẹ kan láti Mọ́kọ́lá, oníbàárà ìyá mi, ló wọlé, ó mú ìwé kan lọ́wọ́ tí èlùbọ́ ti kùn lẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá, inú àpò tí mo rà lọ́dọ̀ yín ni mo ti bá a. Ó jọ pé ti ọmọ yín ni." Ìyá mi ò mọ̀wé. Ó ní kó bá òun kà á. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka gbèsè: ẹ́fù mẹ́sàn-án, ẹ́fù mẹ́sàn-án, ẹ́fù mẹ́sàn-án. Gbogbo ìsọ̀ dákẹ́. Ìyá mi ní, "Ẹ́fù yẹn, ṣé ó dáa ni àbí kò dáa?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó wá wojú mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o jẹ́ kí n ta èsì rẹ mọ́ èlùbọ́!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín yẹn di ẹkún.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Ó ní, "Èwo lo fẹ́ràn nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà yẹn?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Kí lo wá fẹ́ràn?" Mo ní wáyà mọ́tò.

Mi ò ní tan ọmọ yín jẹ. Mo tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ni mo tó rí C6 nínú ìṣirò, títí dòní mi ò rí krédíìtì (C6 sókè) gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ríwáyà ni mo ń ṣe, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ mi, mo sì padà ṣe ìdánwò NABTEB, ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nídìí iṣẹ́ yẹn. Olówó kọ́ ni mí. Àmọ́ oṣù méjì àbọ̀ tí mo fi jókòó sí gáréèjì yẹn burú ju F9 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ bá mi kà sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Ìránṣẹ́ Olúwa

Ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn ni, mà. Ẹ mú un lọ sórí òkè fún ọjọ́ méje, ààwẹ̀ gbígbẹ.

Ìyá Ìbàdàn

Ọmọ tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta, ààwẹ̀ wo ni mo tún fẹ́ kó gbà? Ẹ ṣeun, sà.

Ipò Kìíní

Èmi ò fìdí rẹmi rí, ìyẹn gan-an ni wàhálà tèmi. Láti JSS1 títí dé SS1, èmi ni mo ń gba ipò kìíní. Mo gba ipò kejì lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá mi wo káàdì náà, ó ní, "Ẹni tó gba kìíní yẹn, ṣé orí méjì ló ní ni?" Ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè yẹn. Kò sílé tí wọn ò ti bi í.

Láti ọjọ́ yẹn mo ń ti ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù lóru kí oorun má baà gbé mi. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dé ìdánwò mọ́ọ̀kì wa ní SS3. Ọjọ́ Kẹ́mísírì, mo ka ìbéèrè àkọ́kọ́ nígbà mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ń yọ́ lójú mi. Bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni mo ti jí. Dókítà ní kò sí àìsàn kankan lára mi, oorun ni mo jẹ ara mi lówó ẹ̀. Bàbá mi jókòó tì mí, ó di ike Lucozade mú, kò ṣí i, kò gbé e fún mi, ó kàn dì í mú. A ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Kò bèèrè ipò lọ́wọ́ àwọn àbúrò mi mọ́ ṣá.

Tíṣà Ìṣirò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sán, mo ń rò ó bóyá kí n sọ tèmi. Mo ti pé ọdún méjìdínlógún nídìí iṣẹ́ olùkọ́.

Ọmọ kan wà ní SS2 mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, kíláàsì tó ní ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Ó gba mẹ́rin nínú ogójì. Inú ń bí mi lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tí ì san owó oṣù wa (kì í ṣe àwáwí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn). Mo ní kó dìde dúró, mo pè é ní olódo rabata. Kíláàsì gbà á lẹ́nu mi, wọ́n fi ń kọrin. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé kò dùn ún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Mo ń kó ìwé àwọn ọmọ jọ, mo bá ìwé tirẹ̀ níbẹ̀, mo wá jókòó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀nà tó fi ṣe ìṣirò náà tọ́. Nọ́ńbà tó dà kọ sílẹ̀ láti ojú pátákó ni kò tọ́. Níbi tí mo kọ 3 sí, 8 ló kọ. Níbi tí mo kọ 1 sí, 7 ló kọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé ìparí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ọmọ yẹn kò rí pátákó. Awò ojú ló nílò, èmi fún un ní orin.

Mo lọ sílé wọn. Wọ́n ti kó lọ. Mi ò mọ ibi tó wà títí dòní, ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Láti ìgbà yẹn, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ nọ́ńbà sójú pátákó, màá ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn kà á fún mi. Kò sí ọdún kan tí mi ò rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ yẹn: ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2025. WAEC gbé èsì jáde lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní àwọn tó rí krédíìtì márùn-ún gbà, tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nínú, jẹ́ ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi ká a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde, ó ti di 62.96. Mi ò sọ pé bí ti ọmọ yín ṣe rí nìyẹn o. Mo kàn ń ronú àwọn bàbá tó ti sọ̀rọ̀ sí ọmọ láàárín ọjọ́ yẹn ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ní tààrà, mà, ẹ má bínú. Ọmọ tó ti ọjọ́ mẹ́ta jókòó sínú òkùnkùn láìjẹun, ẹ bi í bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ẹ má fi òwe bò ó. Àwọn èèyàn rò pé ìbéèrè yẹn ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti bi àwọn ọmọ kan léèrè rí tí wọ́n mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan ti sọ ọ́ jáde.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lálẹ́ yẹn. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Ní Ìbàdàn, UCH ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ọmọdé. Ẹni tó bá wà ní Abẹ́òkúta, Arò wà níbẹ̀ láti ọdún 1954. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Arò, ohun tí àwọn èèyàn ń rò ni ẹni tó ń jó lójú títì. Àwọn tí mo rí níbẹ̀ fi aṣọ ilé ìwé wọlé, wọ́n sì fi aṣọ ilé ìwé jáde.

Bọ̀dá Kafé

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń wo èsì ládùúgbò wa. Mi ò wo kọ̀ǹpútà mọ́, ojú ni mo ń wò. Ọmọ tó bá bá ìyá rẹ̀ wá, ìyá ló máa ń kọ́kọ́ sunkún, ọmọ á wá máa bẹ̀ ẹ́.

Ní ti iṣẹ́: méjì péré ló kù fún ọmọ yín, mà. NECO wà, GCE ti WAEC náà wà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba èsì ìjókòó méjì (ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì) pọ̀, àmọ́ ẹ yẹ ti ilé ìwé tó ń lé wò dáadáa, gbogbo wọn kọ́ ló ń gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ibùdó ìdánwò kan tí C kì í ti í sọnù, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Àbúrò tèmi san owó ní irú ibẹ̀, wọ́n fagi lé iṣẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, títí kan Yorùbá tó mọ̀ ju ẹni tó ń tà á fún un lọ.

Ìyá Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń ka gbogbo rẹ̀ sókè bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe. Nígbà tí mo dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀, mo bi í ní tààrà. Ó dákẹ́ títí àyà mi fi já. Ó wá ní, "Rárá, mà. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo mi ni." Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sùn nínú yàrá yẹn lálẹ́ òní, bó ti wù kó rí.

Mi ò mọ̀ pé bàbá wọn dúró sẹ́yìn mi nínú kọ́rídọ̀. Ó ní kí n padà sí ibi P7 yẹn. Mo tún un kà. Ó ní, "P7 lèmi náà gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mejì." Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, mi ò gbọ́ ọ rí! Ìwé ẹ̀rí tó fi fírémù gbé kọ́ sí pálọ̀, ìjókòó kẹta ni.

Ilẹ̀kùn kò tí ì ṣí. Àmọ́ ó ti gba àmàlà wọlé láti ibi tó ṣí i díẹ̀. Ó ní kí n bi Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́: obìnrin tó mú ìwé yẹn padà wá, ṣé ó gba owó èlùbọ́ rẹ̀ padà?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

Kò gba owó. Kóńgò mẹ́ta ló gbà, ó ní ẹ̀san ìwé tó wà nínú àpò. Èmi ni mo rù ú tẹ̀lé e dé Mọ́kọ́lá.