«Àmì-ẹranko-ọkọ̀» kò bá ẹnu Yorùbá mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́,

Nínú ìjíròrò wa lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà ní kí á máa pe àwọn ohun tí wọ́n ń gbẹ́ sí iwájú ọkọ̀ odò ní "àmì-ẹranko-ọkọ̀", àwọn mìíràn sì ti dá tiwọn sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn Iatmul, ará odò Sepik ní Papua New Guinea, ni wọ́n ń tú sí Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ "ẹranko". Ẹran oko ni. Ẹtu ń gbé oko, ìgalà ń gbé oko. Ọ̀nì ńkọ́? Orí ọ̀nì ni àwọn Iatmul ń gbẹ́ síwájú ọkọ̀ wọn, odò sì nilé ọ̀nì. Mo mọ̀ pé ẹnu ti kó gbogbo wọn pọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú èyí tó mú lọ́wọ́. Ẹ tún wá fi "ọkọ̀" ti "oko" lẹ́yìn!

"Àmì" ló dùn mí jù. Àmì là ń fi sára àpò gààrí kó má baà sọnù. Ọ̀nì ni àwọn Iatmul kà sí baba ńlá wọn. Wọ́n ń fi abẹ kọ ara ọ̀dọ́kùnrin kí awọ rẹ̀ lè rí bíi ti ọ̀nì, kí ó tó di ọkùnrin láàárín wọn. Lójú irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ṣé àmì ni ohun tó wà níwájú ọkọ̀? Ẹ wá sí Ifẹ̀ níbí, kí ẹ pe Ìdènà, ère òkúta Igbó Ore, ní àmì, kí ẹ gbọ́ èsì.

Bàbá mi àgbà ní Mọ̀ọ́rè, àdúgbò kan ní Ifẹ̀ níbí, gbẹ́ igi títí wọ́n fi darúgbó. "Ère" ni wọ́n ń pè é. Ère orí ọkọ̀, ó tó: ère ọ̀nì, ère ẹyẹ. Ẹni tó kọ "ère erè" níjọ́sí kò jẹ̀bi. Bí erè, ejò ńlá nì, bá wà lára ọkọ̀, ère erè ni; ẹ ṣáà fi ohùn sí i dáadáa.

Ìyá tó dábàá "àròkọ": èyí tí ọmọ iléèwé ń kọ nìyẹn. Àrokò lẹ ní lọ́kàn. Ó sàn ju àmì lọ, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹnì kan pàtó là ń fi àrokò ránṣẹ́ sí.

Àwọn Duala ní odò Wouri, ní Kamẹrúùnù, ń pe tiwọn ní tangué, ẹyẹ àti ejò lára rẹ̀. Nígbà tí Max Buchner ará Jámánì kó ti Lock Priso, olóyè Duala kan, ní oṣù Kejìlá ọdún 1884, tó sì gbé e lọ sí Munich, tangué náà ló ṣì ń jẹ́ lẹ́nu àwọn Duala. Wọn ò fi àmì kankan rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún kọ "ọọ̀ni" fún ọ̀nì. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ọ̀nì. Ọọ̀ni wà láàfin. A kì í fi orúkọ ọba ṣeré.

Ẹni tó ní kí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà dákẹ́ torí a ò mọ ọkọ̀ wà, ṣé òun ń gbé etí omi ni? Kí ọmọ Ìlàjẹ kan sọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé wọn fún wa. Títí dìgbà náà, ère orí ọkọ̀ ni èmi yóò máa kọ.