"Òmìnira ẹnu" kọ́ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àtàárọ̀. Ọ̀gá wa tí wọ́n dábàá "òmìnira ẹnu" gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún "freedom of expression", ẹ̀tọ́ tó wà ní abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ n kò lè bá yín fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹnu kò dára tó nínú èdè wa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́nu méjì, ọ̀dàlẹ̀ ni. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ ń ka òfin ìròyìn ní Àkọkà bá gbọ́ ọ, àfàìmọ̀ kí wọ́n má rò pé a ti yọ̀ǹda èébú.

"Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ" tí gbogbo ayé ń lò sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò kún. Lọ́dún 1928, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún Herbert Macaulay l'Ékòó níbí. Ẹnu rẹ̀ kọ́ ló kó bá a o. Ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, ló tẹ àhesọ jáde pé àwọn kan fẹ́ pa Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí, ọba Èkó tí wọ́n ti rọ̀ lóyè.

Ẹ tún wo àwọn tó ń dúró yí àtẹ oníwèé ìròyìn ká ní Yábàá láàárọ̀. Wọn kì í ra ẹyọ kan, àkọlé ni wọ́n ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ (mo wà lára wọn). Abala 39 kan àwa náà, torí ó dárúkọ níní èrò, gbígba ìròyìn àti fífún ẹlòmíì. Ẹnìkan nínú wa ní ká pe gbogbo rẹ̀ ní "òmìnira àgbọ́sọ". Háà! Agbẹjọ́rò wo ló máa gbọ́ àgbọ́sọ (ohun tí ẹlẹ́rìí kàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì) tí kò ní fò dìde pé adájọ́ kò gbọdọ̀ gbà á?

Tèmi ni "òmìnira ìfèròhàn". Ó gba àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, ó gba onígángan tó ń fi ìlù bú ọba. Ti gbígbà ni kò gbé dání, ṣùgbọ́n a lè pe ìyẹn ní "ẹ̀tọ́ sí ìròyìn", ó kúkú ti ní òfin tirẹ̀ (Freedom of Information Act) láti 2011: béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, o kò sì ní láti sọ ohun tí o fẹ́ fi í ṣe.

Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹnu yín ṣì máa wúlò. A ò tíì ya ìbanilórúkọjẹ́ orí ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ti orí ahọ́n. Ṣé ká pe èkejì ní "ìbanijẹ́ àfẹnusọ"?