Ẹ gbà mí o: ewúro ìyá àgbà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú túùbù

Ọmọ Òmù-Àrán: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi: ṣé oje ewúro ń ba ẹ̀jẹ̀ èèyàn jẹ́? Ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà ni mo ti já ewé náà, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àgbo fún gbogbo ilé. Mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sínú ethanol, mo jẹ́ kí ethanol gbẹ tán. Mo wá fi distilled water pò ó, mo dà á sórí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ó lo wákàtí kan nínú ooru 37°C. Gbogbo túùbù pọ́n bíi zóbò, títí kan èyí tí ewé inú rẹ̀ kéré jù! Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ pé ewé náà léwu. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá àgbà?

Ẹ̀gbọ́n Làábù: Má tíì kọ nǹkan kan. Distilled water kò níyọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á máa mu omi títí á fi bẹ́. Òun gan-an la máa ń lò tá a bá fẹ́ fọ́ ọ dé 100%! Omi iyọ̀ 0.9% tàbí PBS (omi oníyọ̀ míì tá a máa ń lò ní làábù) ni kó o fi po ewé. Òun náà ni kó o fi fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó o tó lò ó.

Ìyá Eléwé Ìpàta: Ẹ ò tíì fọ ewúro rí ni? Ṣebí ó ń hó bí ọṣẹ ni. Kí ló dé tá a fi ń da omi àkọ́kọ́ nù?

Ọmọ Tánkẹ̀: Òótọ́ ni, Màmá. Saponin ló ń hó yẹn, ó sì lè fọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, ẹ má tíì dá ewé náà láre. Àwọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ 540 nm ka bí omi ṣe pọ́n tó ò mọ àwọ̀ ewé yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀. Ṣe túùbù oje tí kò lẹ́jẹ̀, kó o yọ iye rẹ̀ kúrò.

Ọmọ Òmù-Àrán: Mo tún un ṣe lánàá. Túùbù omi lásán, tí ewé kankan ò sí níbẹ̀, pọ́n bíi zóbò. Nínú omi iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, omi òkè mọ́. Èyí tí oje rẹ̀ pọ̀ jù nìkan ló ṣì pọ́n díẹ̀. Ìyá àgbà pè láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ṣé mo ti mu àgbo mi.