Ta ni olórin, ta ni akọrin? Lórí Dolly Parton àti orúkọ tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Àìkú lórí àpilẹ̀kọ Dolly Parton tí ọ̀kan nínú wa ń kọ lédè wa. Ó ní kí a bá òun wo gbólóhùn àkọ́kọ́: “Dolly Parton jẹ́ akọ̀wé-akọrin orílẹ̀-èdè láti Amẹ́ríkà.” Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí a fi “òǹkọrin ìgbèríko” rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì, “country singer-songwriter”, sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ló mú mi jókòó. Yorùbá ní in, ó ti pẹ́ tí a ti ní in. Ìlò rẹ̀ la ti sọ di yẹpẹrẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé “akọ̀wé-akọrin” kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ akọ̀wé akọrin: òun ló ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ dé ibi ìdánrawò, òun ló ń gba owó aṣọ ẹgbẹ́, òun ló ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí orin ń ti inú rẹ̀ wá. “Orílẹ̀-èdè” tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin orílẹ̀-èdè ni èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń dúró ṣánṣán kọ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, “country”, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe odidi orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yìn ìlú tí wọ́n ti ń dáko. Èyí tí kò yẹ ni a mú.

“Ìgbèríko” wá ńkọ́? Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbèríko tó jinlẹ̀ ni wọ́n ti bí obìnrin yìí, ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1946, nínú ilé pákó oníyàrá kan lẹ́bàá odò Little Pigeon, ní Sevier County, ìpínlẹ̀ Tennessee, lẹ́sẹ̀ òkè Great Smoky. Ọmọ kẹrin ni nínú ọmọ méjìlá. Àpò ìyẹ̀fun àgbàdo kan ni bàbá rẹ̀ fi san owó dókítà tó gbẹ̀bí rẹ̀.

Níbi tí mo ti dárúkọ bàbá rẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àpilẹ̀kọ náà ní Robert Lee Parton “ń san ìṣákọ́lẹ̀”. Mi ò gbà. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń gbé wá lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu, epo tàbí owó díẹ̀, láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ìyókù inú oko, tirẹ̀ ni. Tábà ni bàbá Dolly ń gbìn lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, bí wọ́n bá sì kórè tán, wọn a pín ire oko náà láàárín òun àti onílẹ̀, kó tó di pé ó ní oko kékeré tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé “ó ń dáko àjọpín lórí ilẹ̀ onílẹ̀”. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ bàbá olóògbé.

Kí n padà sórí ìgbèríko. Láti nǹkan bí ọdún 1925, orúkọ tí àwọn oníṣòwò àwo orin fi ń ta orin yìí ni “hillbilly”. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí “ará oko” bí ọmọ Èkó ṣe ń pè é tó bá fẹ́ bú èèyàn. Àwọn tó ń kọ orin náà kò fẹ́ orúkọ yìí, wọ́n sì bá a jà. Ìwé ìròyìn Billboard pàápàá, ọdún 1949 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi “Country & Western” ṣe àkọlé àtẹ orin wọn. Nítorí náà, “orin ará oko” tí ẹnìkan dábàá lánàá, kí a jọ̀wọ́ ẹ̀, kí a má gbé èébú tí àwọn èèyàn ti bọ́ kúrò lọ́rùn padà wá so mọ́ wọn.

“Orin ìgbèríko” kò bú ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ. Ìjálá ọlọ́dẹ, orin ìgbà ìkórè, orin tí àwọn obìnrin ń kọ nídìí ẹbu epo, èwo ni kì í ṣe ti ìgbèríko nínú wọn? Àwa náà kì í sábà fi ibùgbé sọ orin lórúkọ. Orúkọ ìlù ni sákárà. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni wákà ti wá. Síkírù Àyìndé Barrister sọ fúnra rẹ̀ pé ní pápákọ̀ òfuurufú lòun ti rí àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, ibẹ̀ lòun ti mú orúkọ fújì. Òkè Japan di orúkọ orin Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ní kí a túmọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí “kọ́ńtírì” kò fi lè rí bẹ́ẹ̀? Orin kọ́ńtírì, olórin kọ́ńtírì. Orin náà kì í kúkú ṣe àjèjì létí wa. Gìtá onírin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń sunkún bí ẹni tí àárò ń sọ, ohùn kọ́ńtírì gan-an ni, òun náà sì ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn òbí wa jó o lóde àríyá láìbéèrè ibi tó ti wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: “Dolly Parton kọ I Will Always Love You.” “Whitney Houston kọ I Will Always Love You.” Òótọ́ ni méjèèjì, òótọ́ wọn kò sì jọra. “Kọ” wa ń ṣe iṣẹ́ méjì, ti ẹnu àti ti gègé. Bí àpilẹ̀kọ náà bá sọ pé ó ti kọ orin bí 3,000, òǹkàwé ò ní mọ̀ bóyá ẹnu ló fi kọ wọ́n ni, tàbí inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti jáde. Ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ọdún 1964 ló parí iléèwé girama. Ọjọ́ kejì ló wọkọ̀ lọ sí Nashville, ìlú tí orin kọ́ńtírì fi ṣe ilé. Orin rẹ̀ dé etí ayé kí ayé tó mọ̀ ọ́n ní akọrin: òun àti àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Bill Owens, ni wọ́n jọ dá Put It Off Until Tomorrow sílẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Phillips ló sì kọ ọ́ di olókìkí ní 1966. Ní 1967, nígbà tí orin tó fi ohùn ara rẹ̀ kọ wá kọ́kọ́ wọ àtẹ kọ́ńtírì, Dumb Blonde, iṣẹ́ Curly Putman ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ò rí i? Nínú ti àkọ́kọ́, òun ni olórin, ẹlòmíràn ni akọrin tí ayé mọ̀. Nínú ti ìkejì, akọrin ni láìjẹ́ olórin.

Ohun tí mo ń dábàá nìyẹn. Kí “akọrin” máa jẹ́ ti ẹni tó gbé orin sẹ́nu, bí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ́ ẹ, kí “olórin” sì padà sípò rẹ̀: ẹni tó ni orin, tí orin ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, a ní “dá orin sílẹ̀”.

Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé “oní” kì í ṣe ti ìní nìkan. Onílù ni ẹni tó ń lùlù, ìlù lè má jẹ́ tirẹ̀. Ẹlẹ́kọ ni ẹni tó ń ta ẹ̀kọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo “onílé”. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ké “àgò onílé”, kò bèèrè ẹni tó kọ́ ilé. Ayálégbé lè dá a lóhùn. Ẹ wá gbé onílé sí ẹ̀gbẹ́ ayálégbé nínú gbólóhùn kan, kò sí ọmọdé tó máa bi yín ta ló nilé. Bí a bá ń lo olórin àti akọrin pọ̀ léraléra, tí a kò sì jẹ́ kí wọ́n máa gbaṣẹ́ ara wọn ṣe, àwọn méjèèjì á la ara wọn yé wa.

Obìnrin yìí sì mọ ohun tó ń jẹ́ olórin. Láti 1966 ni òun àti Bill Owens ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú ẹ̀tọ́ orin wọn. Owe-Par ni wọ́n pè é, wọ́n mú díẹ̀ lára orúkọ àwọn méjèèjì. Nígbà tí I Will Always Love You ti gòkè dé ipò kìíní ní 1974, Elvis Presley fẹ́ kọ ọ́. Dolly ti ń yọ̀ kiri. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa gbà á sílẹ̀ ni Colonel Tom Parker, alábòójútó Elvis, pè é pé àfi kó fi ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà sílẹ̀. Ó kọ̀. Ó sọ pé gbogbo òru lòun fi sunkún. Nígbà tí Whitney Houston wá kọ ọ́ ní 1992, ọ̀sẹ̀ 14 ló fi wà nípò kìíní ní Amẹ́ríkà, olórin kò sì fi nǹkan kan du ẹnikẹ́ni: ohun tirẹ̀ pé sí i lọ́wọ́.

Lórí ìtumọ̀ àkọlé orin náà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe orin ìyàwó. Mo mọ̀ pé wọ́n ń lù ú níbi ìgbéyàwó lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá rẹ̀, Porter Wagoner, tó gbà á sórí ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní 1967, kò fẹ́ kó lọ dá dúró. Wọ́n ti jà á tì. Dolly lọ sílé, ó dá orin yìí, ó padà wá kọ ọ́ sí i létí nínú ọ́fíìsì, omi sì bọ́ lójú ọkùnrin náà. Orin ìdágbére ni. “N ó fẹ́ ọ títí láé” tí ẹ kọ síbẹ̀ máa mú kí àwọn òǹkàwé rò pé ó ń fẹ́ ẹ sílé ni. “Ìfẹ́ rẹ kò ní kúrò lọ́kàn mi” ló bá ẹnu ẹni tó ti di ẹrù rẹ̀ mu.

Coat of Many Colors, orin rẹ̀ mìíràn, wá ni èyí tó dùn mí jù, torí “kóòtù aláwọ̀ púpọ̀” tí ẹ pè é. Ilé ẹjọ́ ni àwọn kan máa kà á sí. Aránṣọ ni ìyá mi. Abẹ́ máṣíìnì rẹ̀ kì í ṣófo àgékù àǹkárá, léèsì àti gínnì. Yóò kó wọn sápò, nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀ yóò tò wọ́n mọ́ra, yóò fi rán ìrọ̀rí àti tòbí fún wa. Ẹ̀wù tí ìyá Dolly rán fún un nìyẹn, láti inú àgékù aṣọ, ó sì ń sọ ìtàn Jósẹ́fù fún un bó ṣe ń rán an. Inú ọmọ dùn dé iléèwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. Orí bébà tí àwọn afọṣọ fi gba owó aṣọ Porter Wagoner ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà sí nínú bọ́ọ̀sì, nítorí kò sí bébà míì nítòsí. Bíbélì Yorùbá ti sọ aṣọ Jósẹ́fù lórúkọ nínú Jẹ́nẹ́sísì 37 kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa: ẹ̀wù aláràbarà. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló fi Jósẹ́fù ṣe àwòkọ. Ẹ kọ “Ẹ̀wù Aláràbarà”, kí ẹ má wá òmíràn.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ sí nìyí: “Olórin kọ́ńtírì ọmọ Amẹ́ríkà ni Dolly Parton, ó ń dá orin sílẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀.”

Ó ku Imagination Library, ètò tó dá sílẹ̀ ní Sevier County ní 1995, tó ti fi ìwé tó ju 200 mílíọ̀nù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀ọ́kọ tí kò mọ̀ọ́kà ló ṣe é nítorí rẹ̀. “Ilé Ìkàwé Ojú Inú” ni mo fara mọ́. Orúkọ tí àwọn ọmọ náà wá ń pe Dolly, tí bàbá náà fẹ́ràn láti máa gbọ́ kó tó kú ní 2000, kò ní ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ kiri rárá. Ìyá Oníwèé ni.