Báwo la ṣe lè mú kí olú ńlá gbẹ lódidi pẹ̀lú èédú nìkan?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn olú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

À ń ṣètò àfihàn olú fáwọn ọmọ iléèwé àtàwọn ará ọjà ní Ṣàgámù, kí wọ́n lè dá Termitomyces tó ń hù lórí ọ̀gán mọ̀ yàtọ̀ sí Chlorophyllum molybdites, tó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. A ti gba ìyẹ̀fun abẹ́ olú méjèèjì sórí bébà: a gé ẹsẹ̀ olú, a kọjú abẹ́ orí rẹ̀ sí bébà, a sì fi abọ́ bò ó mọ́jú. Ti Termitomyces pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tèkejì ní àwọ̀ ewé. Ó lẹ́wà gan-an!

Olú fúnra rẹ̀ ló ṣòroó tọ́jú. Lásìkò òjò, kí oòrùn tó mú un gbẹ, ìdin ti wọ̀ ọ́, ó sì ti bu. Àjà ààrò ń sọ ọ́ dúdú. Silica gel, ìyẹn hóró kéékèèké tí wọ́n fi ń gba omi lára nǹkan, ń fa omi dáadáa, àmọ́ ó wọ́n fún olú tó fẹ̀ bí àwo. Bá a bá là á sí méjì, ó ń yá gbẹ, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lórí sítóòfù èédú, ooru ń kọjá 60 °C, olú a sì jinná dípò kó gbẹ.

Ìbéèrè wa: báwo lèèyàn ṣe lè mú kí ooru èédú dúró láàárín 40 sí 45 °C títí ilẹ̀ á fi mọ́, láìsí iná mànàmáná?

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.