Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọjọ́ mẹ́ta l'Èkó, orí omi ni mo fẹ́ ká ti rìn

Tíṣà Ìkéré
Ẹ̀yin ará Èkìtì Kete, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Tí a bá ti gba ọlidé Kérésì, mo fẹ́ kó ìdílé mi lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni, ìyàwó mi, ọmọ méjì (ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì mẹ́tàlá), àti bàbá mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta n'Íkéré ni wọ́n bí Bàbá sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n dàgbà sí. Wọn ò rí òkun rí. Lóṣù tó kọjá, ìròyìn kan lórí rédíò ń sọ̀rọ̀ òkun, ni Bàbá bá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè wo omi títí, kó má rí òdìkejì?" Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ò ti kúrò lọ́kàn mi.

Mi ò fẹ́ ká lo ọjọ́ mẹ́ta nínú gosiló. Orí omi ni mo fẹ́ ká ti rí Èkó, ká sì dé erékùṣù kan tàbí méjì. Wọ́n ti dárúkọ Tarkwa Bay fún mi, wọ́n dárúkọ Àgbádárìgì. Èwo ló bá arúgbó àti ọmọdé lára mu? Ọkọ̀ wo la máa wọ̀? Níbo la máa sùn? Nínú gbogbo wa, ọmọ mi obìnrin nìkan ló mọ omi wẹ̀, Ìkógòsì ló sì ti kọ́ ọ.

Awakọ̀ Àrámọkọ
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Bàbá á jẹun ọmọ pẹ́. Ó lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń na Adó sí Èkó, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni tèmi.

Ẹ má bá wọn bọ́ sí Berger tàbí Ọjọ́ta rárá. Ẹ gba Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ bá dé Ṣàgámù, ẹ yà sí ọ̀nà Ìkòròdú. Ìkòròdú ni kí ẹ sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ẹ gba èbúté Ìpakodò lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ìjọba tó ń lọ sí Falomo. Ẹ ò ní fojú kan gosiló afárá Third Mainland, òkèèrè lẹ ó ti máa wò ó. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó, káàdì kan náà lẹ ó fi wọ bọ́ọ̀sì BRT àti rélùwéè Blue Line.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ lọ mọ́ yín lọ́wọ́ nílé o. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí mọ́tò ti kúrò n'Íkéré.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Awakọ̀ lórí Ìkòròdú. Akọka ni mo ti kàwé, etí ọ̀sà gan-an ni, ọkọ̀ yẹn ni mo sì máa ń wọ̀ tí mo bá ti ilé ẹ̀gbọ́n mi n'Íkòròdú bọ̀ lọ sí Island. Tíṣà, ẹ̀yin gan-an á gbádùn rẹ̀ ju àwọn ọmọ lọ. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, ọ̀sà á tẹ́ rẹrẹ níwájú yín. Ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yanrìn, wọ́n ta aṣọ sókè kí atẹ́gùn máa tì wọ́n, yanrìn á kún wọn débi pé díẹ̀ ló kù kí etí wọn bá omi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ Banana Island, ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dá sínú ọ̀sà, á wá kọjá lábẹ́ afárá Lẹkí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013, kó tó gúnlẹ̀ sí Falomo.

Láti Falomo, Oníkàn ò jìnnà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀ láti 1957, John Randle Centre tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá sì wà nítòsí rẹ̀. Bàbá á rí àwọn nǹkan tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì lè jókòó sinmi.

Ní ti erékùṣù, Tarkwa Bay ni mo fọwọ́ sí. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, Victoria Island lẹ ti máa wọ̀ ọ́. Ẹ ó kọjá níbi tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé lọ sí Àpápá, ẹ ó máa gbójú sókè wò wọ́n bí ẹni ń wo òkè Orólẹ̀ n'Íkéré. Ọmọ yín ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní gbàgbé ọjọ́ náà láéláé.

Ọmọ Ayétòrò l'Adó
Ẹ kú ìkíni o. Ìlàjẹ ni mí, Adó ni mo lọ́kọ sí, ẹja ni mo ń tà. Kí n tó mọ ẹsẹ̀ rìn dáadáa ni mo ti mọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi.

Tíṣà, àárọ̀ ni omi. Ọ̀sà máa ń dákẹ́ láàárọ̀, tó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn á dìde láti ojú òkun, ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọkọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ti padà kí aago mẹ́rin tó lù. Ọkọ̀ èrò kò gbọdọ̀ rìn lálẹ́, òfin ni. Tí awakọ̀ kan bá sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà lóru, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìtì igi máa ń léfòó nínú omi, kò sẹ́ni tó ń rí i lókùnkùn. Oṣù Kejìlá tí ẹ mú yìí dára torí òjò ti lọ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè mú kí ojú omi ṣókùnkùn láàárọ̀ kùtù. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró kí ó là, ẹ bá wọn dúró.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì: kí olúkúlùkù wọ tirẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ọkọ̀, kí ẹ sì dè é. Ti àgbà kì í ṣe ti ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó bá wọ ti àgbà, tó bá ṣubú sómi, jákẹ́ẹ̀tì á bọ́ sókè lọ́rùn rẹ̀, òun á sì rì. Ẹ béèrè fún kékeré. Tí kò bá sí, ẹ má wọkọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀ ní Ìkógòsì ò tíì mọ omi òkun, torí omi adágún dúró sójú kan, ti òkun ń fà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pẹ̀lú Ọmọ Ẹ̀fọ̀n lórí Tarkwa Bay. Àwọn òyìnbó amúnisìn kó òkúta sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, láti 1908, kí yanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ wọn. Òkúta yẹn ló fọwọ́ gbá ibẹ̀ mọ́ra tí ìgbì ò fi le. Òkúta kan náà ló gé yanrìn tí òkun máa ń gbé kọjá, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach lódìkejì, ó jẹ ẹ́ títí wọ́n fi ní láti kó yanrìn dí i, ilẹ̀ tí wọ́n dí yẹn ni wọ́n ń pè ní Eko Atlantic báyìí. Ohun tó tu ọ̀kan lára, òun ló ń jẹ èkejì. Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ ti Tarkwa Bay kọjá sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tó kọjú sí agbami. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìwẹ̀.

Mo fẹ́ kí gbogbo wa tún rántí pé ilé wa náà wà. Láti Adó, ẹ gba Oǹdó, Òkìtìpupa, dé Igbókọ̀dá, ibẹ̀ la ti ń wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn bàbá wa dá ìlú náà sílẹ̀ létí òkun. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ níbẹ̀. Àdúgbò tí mo ti ṣeré lọ́mọdé, omi ló wà níbẹ̀ lónìí. Mi ò ní kí Tíṣà gbé Bàbá lọ síbẹ̀, kò rọrùn fún arúgbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ lókun nínú, ẹ wá wò ó nígbà tó ṣì kù.

Àgbà Ìjerò
Ọmọ Ayétòrò, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á dá omi yẹn dúró.

Tíṣà, èmi ò bá wọn lọ sí Tarkwa Bay. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa wà, 1845. Wọ́n ṣì tọ́jú ibi tí igi Agia wà, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842. Wọ́n á fi yàrá tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí hàn yín nílé Séríkí Abass, ẹ ó sì rí bí àyè ṣe kéré tó fún ogójì ènìyàn. Lẹ́yìn náà lẹ ó wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu. Kò pẹ́ rárá lórí omi, ọ̀sà ò sì fẹ̀ níbẹ̀. Láti ibi tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ọ̀nà yanrìn ni títí dé etí òkun, ọ̀nà tí àwọn ẹrú fi ẹsẹ̀ rìn nínú ìdè náà ni. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n fún wọn lómi mu níbẹ̀ kí wọ́n gbàgbé ilé. Tí ẹ bá dé òpin ọ̀nà náà, agbami ló kù níwájú yín.

Bàbá béèrè bóyá èèyàn lè wo omi kó má rí òdìkejì. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti lọ rí ìdáhùn. Àwọn tó rìn ín nígbà náà, ọ̀pọ̀ wọn, láti ilẹ̀ Yorùbá yìí ni. Èmi dúró níbẹ̀ ní 2011, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀rù rírìn nínú yanrìn ló ń bà mí fún Bàbá Tíṣà, ó jìn díẹ̀, oòrùn sì ń pa níbẹ̀.

Àgbà Ìjerò
Ọ̀kadà wà ní erékùṣù náà. Kí Bàbá gun ọ̀kadà, kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ rìn. Kò yẹ kí wọ́n gun nǹkan kan.

Màmá Ìbejì, Ìkọ̀lé
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ẹlòmíràn má baà kó sí i. Ọdún méjì sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọmọ mi wọ ọkọ̀ kan ní èbúté kan l'Èkó, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Aago márùn-ún ti kọjá. Wọ́n ń kó èrò wọlé títí orúnkún wa fi ń kan ara wọn. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi, okùn rẹ̀ ti já. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀, torí mo fẹ́ tètè délé. Láàárín ọ̀sà, ewéko ojú omi tó ń yọ òdòdó elésèé àlùkò yẹn wọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kú. Ilẹ̀ ń ṣú. Ọmọkùnrin tó ń bá awakọ̀ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gé e. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó ṣí. Mo di ìbejì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, mo ń ronú pé tí ọkọ̀ yìí bá dà, ta ni mo máa jọ̀wọ́?

Tíṣà, ẹ ka èrò kí ẹ tó wọlé. Tí wọ́n bá ti fẹ́ fi ẹnìkan lé e, ẹ sọ̀rọ̀ sókè.

Ọmọ Ayétòrò l'Adó
Màmá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ewéko yẹn pọ̀ nígbà tí omi odò bá pọ̀ nínú ọ̀sà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, omi òkun á wọlé, iyọ̀ rẹ̀ ló ń pa á. Ní Kérésì, díẹ̀ rẹ̀ ṣì lè wà, awakọ̀ tó dára á máa rọra yẹ̀ ẹ́.

Tíṣà Ìkéré
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti ìyàwó mi ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá lálẹ́ àná. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Ọjọ́ kìíní, Ìkéré sí Ìkòròdú, ká sùn. Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ láti Ìpakodò sí Falomo, Oníkàn, ká sùn sí Island. Ọjọ́ kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń fẹ́ Tarkwa Bay. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ Àgbà Ìjerò, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní Àgbádárìgì ni àwọn ń lọ, pé ìyá ìyá àwọn máa ń kọ orin kan nípa ẹnìkan tí wọ́n jí gbé nígbà ogun tí kò padà. Mi ò gbọ́ èyí lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Nítorí náà Àgbádárìgì ni. Mo ti fi ọjọ́ kẹrin kún un, Tarkwa Bay di ti ọjọ́ náà, láàárọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: níbo ni kí Bàbá jókòó sí nínú ọkọ̀? Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n.

Awakọ̀ Àrámọkọ
Ẹ wọ Blue Line láti Màrínà dé Mile 2, kí ẹ tó wọ mọ́tò Àgbádárìgì. Ìyẹn ti gba apá kan lọ́wọ́ gosiló. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kan náà lẹ máa lọ tí ẹ máa bọ̀, ẹ sùn síbẹ̀, kí Tarkwa Bay di ti ọjọ́ karùn-ún.

Ọmọ Ayétòrò l'Adó
Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, Tíṣà, nítòsí awakọ̀. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń fò tí ìgbì bá gbá a, ó ń ba eegun ẹ̀yìn jẹ́. Ẹ ká aṣọ sábẹ́ ìdí wọn. Kí wọ́n jẹ nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀, kì í ṣe iyán. Ẹ fi ọ̀rá di fóònù yín. Ẹ sì sọ fún awakọ̀ kí ó tó gbéra pé arúgbó wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ tó bá lọ́mọlúwàbí á rọra sáré.

Tíṣà Ìkéré
Ó ti wọlé. Bàbá ní kí n bi yín bóyá atẹ́gùn orí omi máa ń gbé fìlà lọ, torí abetí ajá tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn ni wọ́n fẹ́ dé dé Gberefu.

Ọmọ Ayétòrò l'Adó
Ó máa ń gbé e. Kí wọ́n fi í sínú àpò nínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti tẹ ilẹ̀, kí wọ́n dé e.