Ẹsẹ̀ àbúrò mi lágbára, àmọ́ kò lè dá dúró

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ (Iléṣà): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò mi ọkùnrin jábọ́ lórí ọ̀kadà, ó fi ìpàkọ́ lulẹ̀. Orí kó o yọ. Ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, tó bá dì mí lọ́wọ́ mú, ó le bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dìde, á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó mu ẹmu yó. Tó bá fẹ́ mú ife omi, ọwọ́ á kọjá ife. Màmá wa ní kó jókòó jẹ́jẹ́, Ọlọ́run á ṣe é. Èmi ń fà á lọ́wọ́ láràárọ̀ lọ sọ́nà Ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Àná ló ṣubú mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ta ló jàre?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ máa fi òrí wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹsẹ̀ ló ti kú díẹ̀.

Fisiò Ifẹ̀: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ẹsẹ̀ kọ́ o. Iṣẹ́ fisiò ni mò ń ṣe, àwa tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa lo ara rẹ̀ padà. Apá ọpọlọ kan wà ní ìpàkọ́ tó ń díwọ̀n gbogbo ohun tí ara bá ń ṣe: ibi tí ẹsẹ̀ á ga dé, ibi tí ọwọ́ á ti dúró. Tí ibẹ̀ bá fara pa, agbára lè pé, kí ìwọ̀n sọnù. Òrí á tù ú lára, kò lè kọ́ ọ níwọ̀n. Ohun tí èèyàn bá ṣe léraléra ni ọpọlọ fi ń kọ́ ọ padà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn fisiò ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà yín níbẹ̀ náà ni, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdánwò kan wà tó ní nǹkan 14 tí wọ́n á ní kó ṣe, máàkì 56 lápapọ̀, tí a fi ń mọ bí èèyàn ṣe lè dúró tó. Ìrìn títì ti yá jù. Àga ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: kó dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, kó tún rọra jókòó, kó má ja bọ́. Lẹ́yìn náà, kó dúró sí igun ilé, ògiri lẹ́yìn, àga níwájú, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ẹ má fà á lọ́wọ́ mọ́! Ẹ so ọ̀já mọ́ ọn níbàdí, òun ni kí ẹ dì mú. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó tó. Tí orí bá wá ń fọ́ ọ sí i, tó ń bì tàbí tó ń sùn jù, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá mú iná lọ ló máa ń burú jù?

Fisiò Ifẹ̀: Ojú, inú etí àti oríkèé ẹsẹ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà. Òkùnkùn ti yọ ojú kúrò. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó bá sì ń wọ sílípáàsì, ẹ gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Àlàó: Ìyàwó mi ṣe irú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ya ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ pálọ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa ka ení, èjì sókè. Àwọn ọmọ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kí ìyàwó mi tó dá lọ bu omi.

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀: Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún Màmá. Wọn ò tíì dá mi lóhùn, àmọ́ wọ́n ti wọlé lọ wá ọ̀já.